Mo Ran Ẹsẹ̀ Mi Lọ́wọ́ Lọ́jọ́ Ìwọ̀n

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwa ará ilé. Ẹ má dárúkọ mi o.

Ẹsẹ̀ òsì mi ti rọ láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ àbúrò mi máa ń ṣe irin tí wọ́n ń dè mọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí èèyàn lè rìn. Lọ́jọ́ tó wá wọ̀n mí, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn dẹ̀. Bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó ni mo fẹ́ mọ̀."

Mo ní, "Ta ló rẹ̀?" Mo fi ìborùn bo ọwọ́, mo di etí tábìlì mú lẹ́yìn, mo nàró ṣánṣán.

"Ha, ẹsẹ̀ yín ṣì lágbára o!"

Ló bá ṣe irin fẹ́lẹ́ fún mi. Ìṣísẹ̀ kẹta, orúnkún mi yẹ̀, mo ṣubú.

Àtìgbà náà ló ti ń sọ pé òun ò mọ èèyàn wọ̀n. Ó ti fẹ́ gba irin lọ́wọ́ àwọn méjì tó ń fi tiwọn rìn dáadáa, kó má baà gbé wọn ṣubú.

Mi ò tíì bẹ ọmọ tí mo pọ̀n rí. Ṣùgbọ́n rédíò kì í kú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ bá mi kà á ketekete: irin rẹ̀ ò lẹ́bi, ọwọ́ èmi ló purọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ìyẹn ò tó, àbí dandan ni kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀?