Ilà Bàámi Lójú Pósítà

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ifẹ̀ tura, mo sì ń jẹun dáadáa. Pósítà fíìmù kíláàsì wa ni ò jẹ́ kí n pè yín. Fúnṣọ́, ọmọ kíláàsì wa tó ṣe bàbá arúgbó nínú fíìmù náà, kò ní ilà lójú, mo bá fi Photoshop mú ilà Bàámi látinú fótò ìsìnkú wọn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Olùdarí fíìmù wa ní ó ti jọ pósítà òkú, kí n pa á rẹ́. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo pa á rẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé ní Ìsẹ́yìn. Fótò Bàámi tó wà ní pálọ̀, ẹ má yọ ọ́ lára ògiri kí n tó dé.

Moyinolúwa yín