Èkejì Tó Ń Sùn Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Oyún pé oṣù mẹ́rin. Oorun ṣáá. Mò ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ooru áyọ́ọ̀nù ń bò mí lójú, àfi bíi pé inú ìkúukùu ni mo dúró sí. Aṣọ funfun. Aṣọ funfun. Ọ̀gá mi ní, “Alágbàfọ̀ yìí, má sùn sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì o!” Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún un pé bí mo bá ń tọ̀, ó ń ta mí bí ata.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gba ìtọ̀, ó tún ń wá iṣan apá mi. Mo ní ìtọ̀ ló ń dùn mí, kí ló fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe? Ó ní, “Àǹtí mi, àrùn ìbálòpọ̀ kì í sábà dá rìn. Ẹni tó pa eku kan nínú àjà, kó má tíì sọ pé eku tán nílé.” Ẹ̀jẹ̀ ń rọra kún ìgò. Ó pupa, ó dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀
Mo lálàá pé èmi àti ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi lílọ́ wọ́rọ́. A ò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Èsì dé. Àtọ̀sí. Sífílísì pẹ̀lú — ìyẹn ń sùn nínú ẹ̀jẹ̀ mi, kò dùn mí, kò yún mí. Kòkòrò éèdì, kò sí. Nọ́ọ̀sì ní èkejì yẹn ni ì bá rá pálá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, kò tíì pẹ́ jù. Kí n mú ọkọ mi wá.
Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun
Mi ò sọ. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Mo sọ fún Jẹ́jẹ́. (Ọkọ mi ni, kì í pariwo, ni mo ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó ń bó ọsàn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní òun ti tọ́jú tòun lóṣù kẹrin, lọ́dọ̀ olóògùn kan nítòsí ibi iṣẹ́. Obìnrin kan ni, ẹ̀ẹ̀kan péré. Olóògùn ní àtọ̀sí ni, ó fún un ní kóró oògùn, ìrora lọ. Ṣé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Rárá.
“Ìwọ wá ń wò mí níran?”
“Ojú ló tì mí.”
Ọdún mẹ́fà la ti fẹ́ra, “ẹ” ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Òní ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìwọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Ó tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò fún un. Èkejì wà lára òun náà, ó ń sùn bíi tèmi. Ó sunkún láìsí ohùn. A gba abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn aṣọ ìkélé kan náà. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.
Níta, mo ní ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń lọ. Ó gbé báàgì mi dé ìdí ọkọ̀. Kò bẹ̀ mí pé kí n dúró.
Ọkọ̀ ṣí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé mo fẹ́ kó bẹ̀ mí.