Ẹ Pe Ọmọ Mi Ní Waheedah Kó Tó Di Ọjọ́ Jímọ̀

Ilé Kẹtàdínlógún,
Ẹ̀gbẹ́ Tavy Bridge,
Thamesmead,
London.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìtọ́jú Fernhollow,
Shooters Hill,
London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN ÌWÀ IPÁ SÍ WAHEEDAH ṢÓWÙNMÍ, YÀRÁ KỌKÀNLÁ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ORÚKỌ RẸ̀ PADÀ FÚN UN

1. Orúkọ mi ni Idiat Ṣówùnmí. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Mo ti ń gbé ní Thamesmead láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo sì ti fi ọdún méjìlélógún tọ́jú àwọn arúgbó nínú irú ilé bíi tiyín. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yín sọ pé a lè kọ ẹ̀sùn ní èdè abínibí wa, pé ẹ ó wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo mọ ara mi, n óò fi apá kan pamọ́. Mo bẹ ẹni tó ń túmọ̀ pé kó má bá mi dín nǹkan kan kù níbẹ̀.

2. Waheedah ni àkọ́bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, bọ́ọ̀sì ló ń wà káàkiri Woolwich àti Abbey Wood. Nígbà tí mo bí i, ọkùnrin ni wọ́n pè é, orúkọ ọkùnrin la sì sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí tó ti sọ fún wa pé obìnrin ni òun, tó sì ń gbé ayé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Waheedah ló wà lára láísẹ́ńsì rẹ̀, òun ló wà lára ìwé ìrìnnà rẹ̀, òun ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń pè é. Èmi ni n kò pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá ti fóònù mi, màá pa á lówe pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, òun á sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní ó dàárọ̀. N kò ní kọ orúkọ àtijọ́ náà sínú lẹ́tà yìí. Ó wà nínú fáìlì yín, èmi ni mo sì mú kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

3. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Harrow Manorway, níbi tó ti fẹ́ ra búrẹ́dì. Apá ọ̀tún kú, ohùn lọ. Láti ọjọ́ kìíní ni ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ti ń pè é ní Waheedah, wọ́ọ̀dù obìnrin ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti ń fi ọwọ́ òsì jẹun fúnra rẹ̀. Ó ti lè sọ pé "omi", ó sì ti lè sọ pé "Mọ́mì". Kílò mọ́kànléláàádọ́rin ni lọ́jọ́ tó kúrò níbẹ̀.

4. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ni wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ yín. Abilékọ Yẹmí Olúṣọlá, tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé ìtọ́jú yín, gbé fọ́ọ̀mù dání. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Mummy. Ó bi mí pé kí ni orúkọ aláìsàn. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọmọ mi jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí, kò lè dá orúkọ ara rẹ̀ pè. Mo dárúkọ àtijọ́. Mo ní ọkùnrin ni, pé ilé ìwòsàn ló ṣì í kọ. Ọmọ mi fi ọwọ́ òsì lu apá kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kí wọ́n má dá a lóhùn, pé àìsàn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Abilékọ Yẹmí gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, nítorí láàárín tiwa, a kì í já ìyá nírọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Apá ibi tí àwọn ọkùnrin wà ni wọ́n gbé e lọ.

5. Ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ asálátù wa ti sọ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án. Mo ro ojú tí wọn yóò fi wò mí bí wọ́n bá bá obìnrin lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọkùnrin mi. Ní Sátidé, mo ní kí wọ́n gé irun rẹ̀, irun tó dì tó dé èjìká. Mujeebat, òṣìṣẹ́ yín tó ń wẹ̀ ẹ́, bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Lọ́jọ́ kejì àwọn ìyá asálátù dé, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n ní Ọlọ́run yóò gbé ọmọkùnrin yìí dìde lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ń ṣe àmín. Ojú ayé ni mo ń ṣe, ọmọ mi ni mo sì fi ń ṣe é.

6. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni kò ti jẹun mọ́, omi díẹ̀ lóru nìkan ló ń mu. Ohun tó ń tì mí lójú jù ló kàn yìí. Oṣù Ààwẹ̀ la wà. Nígbà tí Mujeebat gbé oúnjẹ àárọ̀ wá, tí ọmọ mi kọjú sí ògiri, ó rò pé ó ń gbààwẹ̀ ni. Mùsùlùmí ni Mujeebat, òun náà ń gbààwẹ̀, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ojoojúmọ́ yín. Nígbà tí mo gbọ́, inú mi dùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn, síbẹ̀ inú mi dùn. Mo rò pé ọmọ mi ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run, pé ó ti padà sọ́dọ̀ mi. Mo ń gbé ògì àti àkàrà lọ fún un kó fi ṣínu. Oòrùn á wọ̀, ọmọ mi á pa ẹnu dé. Mo ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi ń pe ìyà ọmọ mi ní ìjọsìn. Ní ọjọ́ karùn-ún ni nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ló wá hàn pé ó ń rù.

7. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, Oyinadé, tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì, wá kí i. Ó ti ẹnu ọ̀nà rí orí rẹ̀, ó figbe ta: "Waheedah! Ta ló gé irun ẹ báyìí?" Ọmọ mi bú sẹ́kún, ẹkún tó ní ohùn, èyí tí n kò tíì gbọ́ láti ìgbà tó ti ṣubú. Oyinadé jókòó tì í, ó ń pè é lórúkọ, ó ń fi ògì sí i lẹ́nu. Ṣíbí mẹ́sàn-án ló lá. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń fi orúkọ bọ́ ọmọ mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ kan wọlé, ó pè é ní Bùrọ̀dá, ọmọ mi sì pa ẹnu dé padà.

8. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá Abilékọ Yẹmí. Mo sọ òtítọ́ fún un, mo ní kó yí orúkọ náà padà, kó sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Kò sọ̀rọ̀ àrífín sí mi. Ó ní: "Mummy, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ti ń pressure yín. First day yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé son yín ni. Mi ò lè máa change file anyhow." Mo ní ó dáa, kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń kọ ìwà ipá sí. Ó ní: "Violence kẹ̀? Ta ló na án? Kò sí mark kankan lára ẹ̀, Mummy. Name lásán ni." N kò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti ọdún mẹ́sàn-án ló fi dá mi lóhùn.

9. Mo mọ ìwé ìwà ipá yẹn dáadáa. Àwòrán ènìyàn wà nínú rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, a sì máa ń fi bírò fa àmì sí ibi tí ara bá ti bó tàbí tó ti wú. Mo ti kọ ọ́ fún òbí àwọn ẹlòmíràn ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ní Sátidé, mo jókòó sí kíṣìnnì mi pẹ̀lú ẹ̀dà kan, mo ń wá ibi tí n óò fa àmì sí lára ọmọ mi. Mo gbé bírò sí etí, mo gbé e sí ọ̀nà ọ̀fun, mo gbé e sí ikùn. N kò mọ ibi tí n óò fà á sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kílò mẹ́fà ààbọ̀ ti lọ lára rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

N kò sọ pé ẹni tó bá ṣèèṣì ṣì í pè ti hùwà ipá. Mujeebat, tó ti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi, ṣì í pè lọ́jọ́ Àìkú yìí, ó ní kó má bínú, ó sì pè é ní Waheedah. Ìyẹn kò pa ènìyàn. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mo ń sọ ọ̀rọ̀ di ràbàtà, pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ẹgba. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dìde, tí kò lè fèsì, tí kò lè jáde kúrò ní yàrá, tí a mọ ohun tó ń jẹ́, tí a sì mọ̀ọ́mọ̀ ń fi nǹkan mìíràn pè é láti àárọ̀ dé alẹ́ títí oúnjẹ fi sú u: bí èyí kò bá jẹ́ ìwà ipá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tó ń jẹ́ fún mi. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ dí i lẹ́nu kó má baà jẹun, ọlọ́pàá lẹ ó pè.

10. Dókítà ti fi ìpàdé sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n fẹ́ ti rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láti máa fi bọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ní wọn yóò ní láti fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn bo ọwọ́ òsì rẹ̀ kó má baà fà á yọ. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn.

Mo bẹ yín, kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà nínú fáìlì àti lára ilẹ̀kùn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ pàṣẹ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé Waheedah ni kí wọ́n máa pè é, ẹ sì jẹ́ kí Oyinadé máa wà níbẹ̀ lásìkò oúnjẹ. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé yín ní ìwà ipá, kí orúkọ mi ṣáájú ti òṣìṣẹ́ yín èyíkéyìí. Wọn kì bá tí ṣe é bí n kò bá rán wọn.

11. Àná ni mo pè é ní Waheedah fún ìgbà àkọ́kọ́. N kò pè é dáadáa. Ó wò mí pẹ́, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì tì mí kúrò létí bẹ́ẹ̀dì. N kò mọ̀ bóyá yóò gbà á lẹ́nu mi láyé. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé èmi ni kò gbọ́dọ̀ rí kó tó lè jẹun, ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé n kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́. N kò ní bá yín jà, n óò fọwọ́ sí i. Ẹ sáà jẹ́ kí ẹlòmíràn pè é, kó dáhùn, kó jẹun.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín nínú ẹ̀bẹ̀,

Idiat Ṣówùnmí,
Ìyá Waheedah.