Àlọ́ Tí Wọn Kò Gbà ní Ilé Rédíò

                                        Ilé Alágbàlá Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Orí-Ń-Dán,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ẹni tí mo máa ń bá kẹ́dùn pé ìwọ ló rí fẹ́? Orúnkún rẹ tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣé ó ti gba epo? Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ tó jogún orí rẹ? Kí Ọlọ́run bá wa fi irun díẹ̀ sí i fún wọn. Ara tiwa le níbí, a dúpẹ́, àfi eyín mi kan tó ṣí lọ láìdágbére.

Ó yẹ kí o ti gbọ́ pé mo di gbajúmọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, gbogbo ìlú dákẹ́ rọ́rọ́ nítorí ohùn mi lórí rédíò. Ọkọ̀ dúró lójú títì, ìkòkò jóná lórí iná, ọmọ ọwọ́ gbàgbé ẹkún tó ń sun. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo ìlú. Ká ní àdúgbò wa ni. Bí o bá sì tún fún mi lọ́rùn díẹ̀ sí i, màá jẹ́wọ́ pé inú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni, èrò ibẹ̀ kò sì ju ti ìpàdé ayálégbé lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ lóòótọ́ o. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ mi.

O mọ̀ pé ilé rédíò ìjọba ni ìyàwó àkọ́bí mi ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí tẹlifóònù ni wọ́n fi í sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹni tí wọ́n ń wá kò sí nílé. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbà fún un kó dá ètò kan sílẹ̀ tó pè ní Ìrọ̀lẹ́ Ará Àdúgbò. Bí ọjọ́ Ẹtì bá ti dé, wọn á ṣí gbọ̀ngàn ilé rédíò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó lè ṣe. Ẹni tó ń ya àwòrán á gbé e kọ́ sára ògiri, ẹni tó ń kọrin á kọ ọ́, mẹkáníìkì kan wà níbẹ̀ tó máa ń fọn fèrè débi pé o kò ní rántí pé epo ọkọ̀ ló wà léèékánná rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni àwọn tó wà nílé ń gbọ́ ọ.

Àṣé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, àwọn akọrin kan jà lẹ́nu ọ̀nà lórí ẹni tó máa dúró níwájú. Kí wọ́n tó là wọ́n, afẹ́fẹ́ ti dákẹ́, rédíò àwọn tó wà nílé kò sọ nǹkan kan mọ́. Ní ilé rédíò, ọ̀rẹ́ mi, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́, òkú ló jẹ́. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin gíga kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ fún un ni, pe ìyàwó ọmọ mi. Ó ní, “Bí afẹ́fẹ́ bá tún dákẹ́ lórí ètò yìí, àwo orin ni màá fi dí i. Ìwọ á sì padà sídìí tẹlifóònù ẹ.” Ọmọ mi sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun ìyàwó òun, pé aṣọ kan náà ló ń lọ̀ tó tún ń lọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìyàwó wa fi wá bá mi. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa bá mi fi àlọ́ ṣí ètò ọjọ́ Ẹtì yìí. Ẹnu yín kì í gbẹ.”

“Ìyàwó wa, ṣé o ti wá gbà pé mo wúlò?”

“Mo gbà, Bàbá. Àmọ́ ẹ má ṣeré o.”

“Èmi? Ìgbà wo lo rí mi tí mo ń ṣeré?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ní òun kò jẹ iṣu mọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bo ara ògiri ibẹ̀, kí ariwo má baà ta padà. Gíláàsì ńlá kan wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó wa máa ń jókòó sí ìdí ẹ̀rọ, òkè rẹ̀ sì ni gílóòbù pupa wà. Ọ̀gá wọn jókòó síwájú pátápátá, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Bí ìyàwó wa ṣe ń wọ yàrá gíláàsì lọ, ó sọ sí mi létí pé, “Bàbá, ẹ bá mi ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n sì pa fóònù wọn. Bí iná pupa bá ti tàn, a ti wà lórí afẹ́fẹ́ nìyẹn.”

Iṣẹ́ tó rán mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n o mọ ẹnu mi. Mo dìde, mo ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo gílóòbù yẹn dáadáa. Bó bá ti pọ́n, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mí kíkankíkan. Máíkì yìí ń gbọ́ ikùn tó ń kùn.”

Nọ́ọ̀sì kan tó wá kọrin ní, “Tí ikọ́ bá wá gbé mi ńkọ́, Bàbá?”

“Gbé e mì.”

Mẹkáníìkì ní, “Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gba ìsàlẹ̀ jáde ńkọ́?”

“Ìjọba á gbọ́ tìẹ. Wọn á sì ka orúkọ ẹ nínú ìròyìn àárọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi. N kò kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Iná pupa tàn. Mo tún ohùn ṣe, mo na ara, mo ní, “Ààlọ́ o!”

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìwọ náà mọ̀ pé àlọ́ kì í ṣe ẹrù tí a ń dá gbé. Bí wọn kò bá gbà á, kò sí ọ̀nà tí a máa bá lọ. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo tún ní, “Ààlọ́ o!” Nọ́ọ̀sì ranjú mọ́ mi, ó fi ìka tọ́ka sí gílóòbù. Mẹkáníìkì ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹnu pa, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Ìgbà yẹn ló yé mi pé àṣẹ tí mo pa ni wọ́n ń tẹ̀ lé! Mo wo gíláàsì. Ìyàwó wa ti dìde, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ń wo aago. Òógùn bọ́ láti iwájú orí mi sórí máíkì, mo sì gbọ́ bó ṣe dún. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Jẹ́ kí n fo ibì kan níbí. Ètò náà tún bẹ̀rẹ̀, ó sì parí pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò pàtẹ́wọ́. Ó kàn ní kí ìyàwó wa wá rí òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó mú mi dání.

A dé ọ́fíìsì rẹ̀, kò ní ká jókòó. Ó bi í pé, “Ta ló ní kí wọ́n dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn?”

“Èmi ni, sà,” ìyàwó wa dáhùn. “N ò ṣàlàyé fún wọn tó.”

Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn. Ọ̀gá fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá tẹlifóònù jáde, ó sì fi í síwájú ìyàwó wa. Ó na ọwọ́ sí i.

Mo ti ní ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́nu tí mo fẹ́ fi tu ọ̀gá lójú. Mo gbé e mì. Mo ní, “Sà, kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n rọra ló ní kí n sọ. Èmi ni mo dẹ́rù bà wọ́n, torí ẹ̀rín wọn ń dùn mọ́ mi.” Ọ̀rẹ́ mi, èmi yìí ni mo ń pe ọmọ tí mo lè bí ní sà!

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́...”

“Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.”

Ọ̀gá wo kọ́kọ́rọ́, ó wò mí. “Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tó wà nílé rò pé iṣẹ́ wa ti dẹnu kọlẹ̀ ni?”

“Mo ti mọ̀ báyìí, sà.”

Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé òun náà ti rí iná pupa. Lẹ́yìn náà ló dá kọ́kọ́rọ́ padà sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní fún ìyàwó wa pé, “Máa ṣe ètò ẹ lọ. Ẹni tó gba afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ni màá wò, n ò ní wo ẹni tó pa á.” Ó wá kọjú sí mi. “Bàbá, lọ́jọ́ Ẹtì, ilé yín ni kẹ́ ẹ ti máa gbọ́ wa.” Mo fẹ́ bi í bóyá kí n pa fóònù mi nílé náà, ṣùgbọ́n ìyàwó wa ti tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó kọ̀ mí nígbà èwe. Sọ fún un pé mo ṣì ń dúró. Kí àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ pẹ̀lú.

O máa bi mí pé ta ló wá gba afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ibi tí mo fò. Èmi kọ́. Nígbà tí wọn kò gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ohùn mi lọ, mo sì jókòó. Ìyàwó ọmọ mi ló sáré jáde láti inú yàrá gíláàsì, ó dúró síbi tí mo fi sílẹ̀, ó pe “Ààlọ́ o!”, òun fúnra rẹ̀ náà ló sì dáhùn “Ààlọ̀!” kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Òun ló pa gbogbo àlọ́ ọjọ́ náà. Èmi kò pa ẹyọ kan.

Èmi náà ni, ẹni rẹ tí kò ṣeé pààrọ̀,

Ẹnu-Ò-Sinmi.