Ẹ̀gbọ́n Rẹ Ti Dé, Ohùn Rẹ̀ Ló Kù Lọ́nà

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká sunkún ara wa. Tí o bá bèèrè mi, mo wà, orúnkún nìkan ló ń ṣe bíi pé kì í ṣe tèmi mọ́.

Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti òkè òkun! Mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Wọn ò sì jókòó rárá o. Ó ti pààrọ̀ páànù ilé, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ padà, ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ, àwọn ọmọ ti wọ ilé ìwé. Àwọn ọmọ yẹn ò jà, wọn ò ké, wọn ò tilẹ̀ bèèrè oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì látilẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń di ayùn mú báyìí. Wo bí òkè òkun ṣe kọ́ ọ ní ohun tí pàṣán bàbá yín ò lè kọ́ ọ!

Fóònù tí o rà fún mi nìkan ló ń dà mí láàmú, iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀ jù. Ara ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé, ohùn rẹ̀ ṣì ń pè mí láti ọ̀hún. Ó ní kí n má bínú, àwọn ò tíì rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ó ti dé, òun náà ló ń kan àga lẹ́yìnkùlé yẹn. Ló bá bú sẹ́kún, ó ní kí n sáré kúrò nínú ilé. Àánú ohùn náà ṣe mí, àfi bíi pé ìrìn àjò ti sú u.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba fóònù náà, ó ní òun á tún un ṣe, mi ò tíì rí i gbà padà. Jọ̀ọ́, fún mi lówó kí n ra òmíràn tó yára. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì, àwọn ọmọ ibẹ̀ á tún máa bi mí pé ta ni mí, bíi pé wọn ò rí mi. Gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́, torí òun fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá, ó ní òun á jókòó tì ọ́ títí wàá fi kà á tán.

Mo gbọ́ pé ìgboro ò dára mọ́, nítorí náà, bó bá ti wọlé, ti ilẹ̀kùn pa. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.