Ojú Tó Wà Lára Àpò Ìdọ̀tí Wa

Ilé ìdáná wa,
Àárọ̀ Ọjọ́rú.

Naotsugu, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le? Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí rí bákan, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí o ti ti ara rẹ mọ́ yàrá ni mo ti ń bá ilẹ̀kùn náà sọ̀rọ̀, kò dá mi lóhùn rí. Ìyẹn ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìrẹsì rẹ.

Mo rí ìwé pélébé tí o fi sábẹ́ abọ́ ọbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé: “Màámi, eyín ń dùn mí. Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.” Láti ọdún mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí o máa ní o fẹ́ jáde! Oògùn ni mo lọ rà fún ọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìlú Osaka lo ti ń ṣiṣẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa wá rí ọ tí o ń ti inú ilé wa yọ?

Hitome, ojú ènìyàn, ni ìyá mi fi tọ́ mi. Kí n tó rẹ́rìn-ín, hitome. Kí n tó sá aṣọ, hitome. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fi bàtà rẹ pamọ́. Àpò ìdọ̀tí tí ìlú ní ká máa lò sì mọ́ gaara débi tí a ń rí inú rẹ̀, orúkọ ìdílé wà lára rẹ̀, nítorí náà mo máa ń fi ìwé ìròyìn wé ike nudu tí ìwọ nìkan ń jẹ nílé wa bí ẹrù olè.

Lánàá, Ìyáàfin Kurahashi, olórí àdúgbò, gbé pátákó ìfilọ̀ tó máa ń lọ láti ilé dé ilé wá. Ó ní, “Ìyá Naotsugu, dókítà eyín tó wà lẹ́yìn ibùdó rélùwéè máa ń jẹ́ kéèyàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé o.” Mo ní ta ni eyín ń dùn? Ó ní, “Ẹ gbà mí o! Ìyàwó ọmọ mi ló ta oògùn yẹn fún yín. Ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀, eyín àtọwọ́dá ló wà lẹ́nu yín, ta wá ni oògùn wà fún? Omi ọbẹ̀ nudu ti ń rẹ ìwé ìròyìn yín tipẹ́. A kàn ń ṣe bí ẹni tí ò rí ni, kójú má baà tì yín.”

Inú bí mi, Naotsugu. Ó ṣe mí bíi kí n ju pátákó náà lù ú. Gbogbo wọn ti rí wa, gbogbo wọn gbójú kúrò, èmi sì ń ṣọ́ àṣírí tó ti tú. Ìwọ lo wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n irọ́ mi ló tì í pa. Dárí jì mí.

Mo ti pe dókítà eyín náà; aago mẹ́wàá àárọ̀ yìí ló ní ká wá. Ẹnu ọ̀nà iwájú la máa gbà. Bàtà rẹ ti wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Kí ìrora náà fò lọ. Kí oòrùn tù ọ́ lára. Ojú tó bá máa wò ọ́, kó wò ọ́ pẹ̀lú àánú.

Èmi ni ìyá rẹ, tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
Shizue.

Àfikún: Mo ti gbé àpò ìdọ̀tí tàárọ̀ yìí jáde. Mi ò fi ìwé ìròyìn wé nǹkan kan. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀: Ìdílé Tokunaga, ènìyàn mẹ́ta.