Rédíò Kan fún Táyé àti Kẹ́hìndé

Sátidé, 2 Nòfẹ́ńbà 1968
Mo mú pọ́n-ùn mẹ́jọ lọ sí Èrúwà. Rédíò kékeré, pọ́n-ùn mẹ́fà àti ṣílè mẹ́wàá. Bátìrì mẹ́rin, ṣílè mẹ́rin. Ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, ṣílè méjì. Ó ku pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́rin.

Búrẹ́mọ̀ Wáyà tó tà á fún mi kìlọ̀ dáadáa: tí ẹ bá ti gbọ́ ọ tán, ẹ yọ bátìrì. Bátìrì tó bá kú sínú rédíò á tu omi, omi yẹn á jẹ irin inú rẹ̀.

Mo gbé e fún Màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Àìkú, 3
Mo ti ṣàṣìṣe. Ìyá Ìsàlẹ̀ ti gbọ́ — Kẹ́hìndé Màámi, tí ilé wọn wà nísàlẹ̀ ọjà. Èmi ọmọ Igbó-Ọrà! Ohun tí a bá rà fún ọ̀kan nínú ìbejì, à á rà á fún èkejì. Mo rò pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta ti kọjá ìyẹn.

Wọ́n ní, "Táyé lo rà fún. Ṣé o ò mọ̀ pé èmi lẹ̀gbọ́n ni?"

Ìṣẹ́gun, 5
Ṣílè márùn-ún ni mò ń rán ṣòkòtò kan. Ṣòkòtò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí n tó rí owó rédíò kejì. Kò ṣeé ṣe.

Jímọ̀, 8
Wọ́n yanjú rẹ̀ láìbi mí. Rédíò á wà lọ́dọ̀ Màámi, bátìrì á wà lọ́dọ̀ Ìyá Ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìsàlẹ̀ ní, "Tó o bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn, ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ."

Màámi ní, "Ẹ̀gbọ́n tó rán mi níṣẹ́ tó sùn lọ!" Síbẹ̀ wọ́n gbà. Bátìrì á wọlé láago mẹ́fà, á jáde láago mẹ́jọ. Ìmọ̀ràn Wáyà gan-an nìyẹn.

Ọjọ́rú, 13
Ìjà. Màámi ní Ìyá Ìsàlẹ̀ ń yí ohùn rédíò sókè jù, pé ó ń jẹ bátìrì. "Bátìrì ta ni?" Ìyá Ìsàlẹ̀ kó o, ó di ilé.

Ajé, 18
Ọjọ́ kẹfà tí rédíò ti dákẹ́. Mo ra bátìrì tuntun, ṣílè mẹ́rin. Màámi ò jẹ́ kí n fi í sí i.

"Tí mo bá dá gbọ́ ọ, ta ni n ó máa bá jiyàn?"

Mo gba ìsàlẹ̀ ọjà kọjá. Ìyá Ìsàlẹ̀ sá bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sóòrùn lórí àtẹ, kí agbára wọn má bàa lọ. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń lé adìyẹ.

Àlàmísì, 21
A ń wojú oṣù ààwẹ̀. Ọyẹ́ bo sánmà, a ò rí nǹkan kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, Ìyá Ìsàlẹ̀ wọlé, bátìrì wà ní kókó ìró wọn. Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àforíjì. Màámi kàn ní, "O pẹ́." Rédíò ní wọ́n ti rí oṣù. Àwọn méjèèjì pariwo bí ọmọdé.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Ìyá Ìsàlẹ̀ ka ṣílè mẹ́wàá sí mi lọ́wọ́. Ìdajì rédíò, tiwọn ni. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. "Gbà á, jàre. Kí Táyé yé pè é ní rédíò òun."

Ìdajì jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè márùn-ún. Ó ku pọ́n-ùn méjì àti ṣílè márùndínlógún lọ́rùn wọn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó san án tán.